Ọmọ mi fẹ́ gbé họ́stẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń tọ́jú àyíká, ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣeun:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin máa wọ yunifásítì lóṣù kẹjọ tó ń bọ̀, ní Amẹ́ríkà níbí, ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe. Ó wá bá mi lánàá pé òun fẹ́ kọ orúkọ sí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní living-learning community, ti sustainability, pé àwọn ọmọ ọdún kìíní á jọ gbé fúlọ́ọ̀ kan náà, wọ́n á jọ máa ṣe kíláàsì, wọ́n á máa gbin ẹ̀fọ́, wọ́n á máa ṣa pàǹtí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní ṣé torí kó lọ máa roko ni mo ṣe kúrò ní Ìyàrá? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kò ní ráyè ìwé ẹ̀, owó ẹ̀ náà ńkọ́? Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá ti ṣe é rí, kó jọ̀ọ́ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbùkún:

Okun o, Bàbá Ṣeun, ẹ kú oríire ọmọ. Ìsánlú ni mo wà báyìí, a wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́ kí n tètè dá yín lóhùn. Ọmọ mi obìnrin gbé irú ilé yẹn lọ́dún tó kọjá, ohun tí mo fojú rí ni màá sọ. Ẹ jẹ́ kó lọ sir, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè owó.

Ìwé ẹnjiníà ẹ̀ ò ní yẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi kún un ò ju kọ́ọ̀sì kékeré kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti ìrìnàjò tàbí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ní Sátidé kan sí èkejì. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n dúró síbi tí wọ́n ti ń dá abọ́ padà ní káfítéríà, wọ́n ń ha àjẹkù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kún kí oúnjẹ ọ̀sán tó parí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn ẹ̀ ti yí padà, ó ní Mọ́mì, ìrẹsì tó dáa ni o.

Kì í ṣe nǹkan àná. Lọ́dún 1927 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Alexander Meiklejohn, kó àwọn ọmọ jọ gbé, jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Wisconsin, ọdún 1932 ni wọ́n ti ibẹ̀ pa, àmọ́ àwọn mìíràn ti gba ọgbọ́n yẹn. Tó bá jẹ́ irú ilé ti àyíká yìí, Wisconsin náà ti ní GreenHouse báyìí, Michigan State ní RISE, Yunifásítì Connecticut ní EcoHouse tòun ti oko tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń dá. Tó bá jẹ́ Maryland ló ń lọ, College Park Scholars wà níbẹ̀ látọdún 1994, ọdún méjì ni wọ́n ń ṣe é, ti ibẹ̀ sì yàtọ̀ torí pípè ni wọ́n ń pe ọmọ wọlé.

Ẹnjiníà tí ẹ sọ yẹn gan-an ló mú kí n fẹ́ kó lọ. Ẹ mọ bí epo ṣe di ọ̀wọ́n nílé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lọ́dún 2023. Àbúrò ọkọ mi fi sólà sílé, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di aago mẹ́ta òru, iná ti lọ. Ìbùkún mú bébà, ó kọ gbogbo nǹkan tó ń jẹ iná sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀bù, fáànù, fírísà, ó ṣírò ẹ̀, ó ní fírísà yẹn nìkan ló ń jẹ ìdajì bátìrì. Ọdún kan péré nínú ilé yẹn ló kọ́ ọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù tiẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kíláàsì Chemistry ẹ̀, èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá wá àtẹni tí ò wá, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà tí ibà mú un lóṣù kẹwàá, ọmọ rúùmù kejì ló gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún un, olùkọ́ kọ́ọ̀sì kékeré yẹn kọ ímeèlì pé ṣé kò sí o. Bí agboolé ló rí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá, òun nìkan lọmọ adúláwọ̀ ní fúlọ́ọ̀ yẹn, ó sì dà á láàmú fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kó tó lọ wá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà rí. Ẹ sọ fún Ṣeun kó tètè wá tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ilé tuntun ni wọ́n kó tiwa sí, owó rúùmù ibẹ̀ ju èyí tá a ti ṣírò lọ, wọ́n tún fi owó ètò lé e, sikọ́láṣíìpù ò sì fi kọ́bọ̀ kún un. A ò bèèrè. Ìgbà tí bíìlì dé la rí i, díẹ̀díẹ̀ la san án, ojú mi rí tó. Torí náà ẹ bèèrè iye rúùmù, ẹ bèèrè owó ètò, ẹ bèèrè bóyá ó lè kúrò láàárín ọdún láìsan owó ìtanràn. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ sábà máa ń wà pẹ̀lú ti ilé gbígbé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gba admission, ààyè ibẹ̀ ò sì pọ̀, kó má fi falẹ̀.

Wọ́n máa ní kó kọ ìwé kékeré nípa ìdí tó fi fẹ́ wá. Kó kọ nípa ilé o. Bùnú ni ìyá tèmi ti wá, Ìbùkún kọ nípa aṣọ ìpò, pé òwú pupa inú ẹ̀, ara aṣọ òyìnbó àti búláńkẹ́ẹ̀tì ni àwọn ìyá wa ti máa ń tú u kí wọ́n tó fi hun aṣọ tí wọ́n ń fi sin àgbà. Ó tún kọ nípa omi tí ìyá àgbà fi fọ iṣu, tí wọ́n ń dà sídìí ata, èèpo iṣu tí ewúrẹ́ ń jẹ. Gbogbo ẹ̀ ṣì ń lọ bẹ́ẹ̀ lójú mi níbí láàárọ̀ yìí.

Ìbùkún ní kí Ṣeun pe òun lórí WhatsApp, kó ti kọ àwọn ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀. Kàbbà la máa wà ní Sátidé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ dáa ju tibí lọ, kó pè nígbà yẹn.