Ooru Mú, Rédíò Dákẹ́: Kí Ló Dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Lóṣù kọkànlá, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, mo máa ń bá àwọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ ketekete lórí ìgbì rédíò 28 MHz. Oṣù kẹfà dé, ariwo ṣìì nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ apá àríwá ayé ni mò ń gbé, oṣù kẹfà ni oòrùn ń mú jù lọ́dọ̀ wa. Ṣé rédíò mi ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tú rédíò yín. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí 14 MHz. Bí ẹ bá gbọ́ èèyàn níbẹ̀, ó jọ pé òkè lọ́hùn-ún lọ̀rọ̀ wà.

Ìpele kan nínú ayónósífíà (apá òkè afẹ́fẹ́ ayé tí ìtànṣán oòrùn ti sọ di oníná), tí à ń pè ní F2, ní nǹkan bíi 250 sí 400 kìlómítà lókè, ló ń dá ìgbì yín padà sílẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ń já elékítírọ́nù (ègé tíntìntín oníná) kúrò lára átọ́mù ọ́síjìn níbẹ̀. Bí elékítírọ́nù ò bá pọ̀ tó, ńṣe ni 28 MHz máa gba àárín wọn kọjá, ó di gbére.

Àmọ́ oòrùn nìkan kọ́ ló ń pinnu iye wọn. Ó dà bí owó àpò: ẹ wo èyí tó wọlé, ẹ tún wo èyí tó ń jáde. Mólékù náítírójìn ni olùnáwó. Ó máa ń dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn tí elékítírọ́nù ti já lára rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì dà yóò gbé elékítírọ́nù mì kíákíá. Lókè réré yẹn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti apá tí ooru ti mú lọ sí apá tí òtútù wà. Náítírójìn á ru gòkè níbi tí ooru wà, átọ́mù ọ́síjìn á sì pọ̀ níbi òtútù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán ìgbà òtútù fi ń dára ju tìgbà ooru lọ, bí oòrùn tilẹ̀ rọlẹ̀.

Èrè ìgbà òtútù yìí kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Àyípo oòrùn, ìyẹn bí agbára rẹ̀ ṣe ń ga tó sì tún ń relẹ̀, máa ń gba nǹkan bí ọdún 11. Èyí tí a wà nínú rẹ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejìlá 2019, ó sì dé góńgó ní 2024. Nígbà góńgó ni ìyàtọ̀ òtútù àti ooru máa ń hàn jù. Bí agbára oòrùn bá ti lọ sílẹ̀, èrè náà á sún kì, 28 MHz á sì dákẹ́ nígbà òtútù pàápàá.

Nítorí náà, ẹ máa wo nọ́ńbà F10.7, ìyẹn ìwọ̀n ìgbì rédíò tó ń ti ara oòrùn wá, tí wọ́n ń wọ̀n ní Penticton, Kánádà. Nígbà tí agbára oòrùn bá relẹ̀ jù nínú àyípo náà, nọ́ńbà yìí máa ń wà nítòsí 70. Nígbà góńgó, ó lè kọjá 200. Tèmi ni pé bí kò bá tó 100, ẹ má fi 28 MHz da ara yín láàmú. Ẹ lo 14 MHz lọ́sàn-án, 7 MHz lálẹ́. Oṣù kẹta sí ìkẹrin àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá tún dára, pàápàá fún ẹni tó ń pe apá gúúsù.

Ohun kan ṣì wà o. Lóṣù kẹfà yẹn kan náà, ẹ lè ṣàdédé gbọ́ ẹnìkan lórí 28 MHz láti nǹkan bí 1,500 kìlómítà, bí ẹni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. F2 kọ́ nìyẹn. Ìpele E, ní nǹkan bí 100 kìlómítà lókè, ló ki níbì kan. Ẹ tètè dá a lóhùn, torí ó lè lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.