Ẹ Bi Wá: Dongying, Ìlú Epo Rọ̀bì Láàárín Àbàtà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ní ìlú kan wà ní Ṣáínà tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì nínú àbàtà, síbẹ̀ tí ẹyẹ kún ibẹ̀ bámúbámú. Pẹ̀lú ohun tí ojú rí ní Niger Delta, ó ṣòro fún mi láti gbà. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá kan, Kubwa, Abuja)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, Mà. Dongying lorúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Shandong, níbi tí odò Huang He ti ń wọ òkun Bohai. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 1855 ni odò yẹn yà gba ìhà àríwá, àtìgbà náà ló ti ń kó ẹrẹ̀ wá dà sínú òkun títí ẹrẹ̀ fi di ilẹ̀. Wọ́n kan epo níbẹ̀ ní 1961, nígbà tó sì di 1962, kànga kan ṣoṣo ń tú tọ́ọ̀nù 555 jáde lójúmọ́. Pápá epo náà, Shengli, tí ilé iṣẹ́ Sinopec ń bójú tó, wà lára èyí tó tóbi jù ní Ṣáínà. Epo ló kọ́kọ́ dé o. 1983 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìlú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe epo nìkan ló fẹ́ pa àbàtà yẹn. Àìsí omi gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn oko àti ìlú tó wà lókè odò ń fa omi lọ tó bẹ́ẹ̀ tí odò kò fi dé òkun fún ọjọ́ 226 lọ́dún 1997. Omi oníyọ̀ kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Bí omi odò kò bá dé láti tẹ̀ ẹ́ rì, oòrùn á máa fà á gòkè, omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sójú ilẹ̀. Esùsú tí ẹyẹ ń sá pamọ́ sí á kú, ẹja inú omi náà á tẹ̀ lé e.

Láti 1999 ni ìjọba wọn ti ń pín omi odò náà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, odò kò sì gbẹ mọ́. Láti 2002, wọ́n a máa tú omi púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti dáàmù Xiaolangdi, kí agbára omi lè gbá ẹrẹ̀ lọ sí ẹnu òkun. Nínú ilẹ̀ hẹ́kítà 153,000 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ ní 1992, wọ́n mọ ògiri iyẹ̀pẹ̀ yí àbàtà ká, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sójú ọ̀nà omi: wọn á ṣí i kí omi odò wọlé, wọn á tì í kí ó má tètè sá jáde. Àwọn ẹ̀rọ epo tó wà ní àárín gbùngbùn ibùgbé ẹyẹ, wọ́n kó wọn kúrò. Àkọ̀ a máa kọ́ ìtẹ́ sórí òpó iná, nítorí náà wọ́n ri òpó mìíràn tí kò ní wáyà fún wọn. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti kà níbẹ̀ ti lé ní 370. Àjọ UNESCO fi ibẹ̀ kún ogún àgbáyé ní 2024. Kíkó ẹ̀rọ kúrò yẹn ló wú wa lórí jù, ó sì yẹ kí àwọn tó ń gbẹ́ epo ní Kolmani, ní ààlà Bauchi àti Gombe, ronú sí i báyìí, kí kànga tó pọ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ lọ ra táyà ní Dongying. Kí ni kí n ṣọ́ra fún? (Oníṣòwò, Kaduna)

Ìdáhùn: Guangrao, ní gúúsù ìlú, ni ilé iṣẹ́ táyà pọ̀ sí. Ẹ lè wọ bàálù dé Jinan, kí ẹ wá gba títì dé ibẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2325 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2025 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má gbà kí wọ́n ki táyà kékeré bọ inú ńlá nítorí kí kọ̀ńténà lè gbà púpọ̀. Etí táyà á tẹ̀, wáyà inú rẹ̀ á ṣẹ́, kò sì ní hàn sójú títí yóò fi gbóná lọ́nà Kano tí yóò sì bẹ́. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, kò fọwọ́ sí i. SONCAP, ìwé ẹ̀rí SON pé ọjà náà dójú ìwọ̀n, gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìbéèrè: Koríko kachalla, koríko gíga inú omi tí wọ́n ń pè ní Typha, ti gba odò wa. Ọkọ̀ apẹja kò rọ́nà kọjá, ẹyẹ tó ń jẹ ọkà ń sùn sínú rẹ̀. Ṣé Dongying ní irú ìṣòro yìí? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Nguru, Yobe)

Ìdáhùn: Wọ́n ní in. Koríko Spartina ni tiwọn, tí wọ́n gbìn ní 1990 láti fi dáàbò bo etíkun, tó wá dí àwọn ojú omi kéékèèké, tó sì lé àwọn ewéko ìbílẹ̀ lọ. Gígé lásán kò ràn án, torí ó máa ń hù padà láti gbòǹgbò. Wọ́n ní láti gé e mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi katakata tú gbòǹgbò rẹ̀, tàbí kí wọ́n sé omi lé e lórí.

Kachalla náà kò yàtọ̀ níbi èyí. Igi rẹ̀, títí kan èyí tó ti gbẹ, ló ń gbé afẹ́fẹ́ lọ fún gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀. Bí ẹ bá gé e lókè omi, ó ṣì ń mí. Ẹ gé e nísàlẹ̀ omi, tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ó kéré tán, kí òwú irúgbìn rẹ̀ tó fò. Bí ọ̀mùnú bá tún yọ, ẹ tún un gé kí ó tó yọrí lójú omi. Ẹ kó èyí tí ẹ gé jáde, torí bí ó bá jẹrà sínú omi, ẹja kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná: ewé nìkan ló ń jó.

Ohun tó jẹ́ kí ó pọ̀ ni pé láti ìgbà tí dáàmù Tiga, ní Kano lókè odò, ti dé ní 1974, tí Challawa Gorge tẹ̀ lé e ní 1992, omi ń ṣàn wá díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, ohun tí kachalla sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran jọ lọ bá àwọn aláṣẹ odò Hadejia-Jama'are, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín omi kù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì tú púpọ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò. Ẹ gé kachalla mọ́lẹ̀ ní May tàbí June, nígbà tí omi bá fà, kí ìkún omi August lè bo kùkùté rẹ̀ mọ́lẹ̀.