Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Agbára Iṣan Àwọn Àgbà àti Oúnjẹ tí Ara Ń Jó Nígbà Ìsinmi

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lóṣù yìí nínú èyí tí ẹ kọ sí wa, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n kò mọra wọn.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Abẹ́òkúta, ẹni ọdún 68. Oúnjẹ tí mo ń jẹ báyìí kò tó èyí tí mo ń jẹ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ikùn mi ń yọ síwájú, ẹsẹ̀ mi sì ń tín-ín-rín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní eré ìdárayá sọ fún mi pé bí mo bá ń gbé irin títí iṣan mi fi tóbi, iṣan náà yóò máa bá mi jó oúnjẹ kódà nígbà tí mo bá ń sùn, ikùn mi yóò sì wọlé. Ṣé òótọ́ ni, àbí owó mi ló fẹ́ gbà?

Ìdáhùn

Bàbá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Irin tí ó ní kí ẹ gbé yóò ṣe yín láǹfààní púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí ó gbé e lé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bó ṣe rò.

Bí ènìyàn tilẹ̀ dùbúlẹ̀ tí kò mira rárá, ọkàn rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, ẹ̀dọ̀fóró ń fa afẹ́fẹ́, kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, ara sì gbọ́dọ̀ móoru níwọ̀n tó yẹ. Iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ló ń gba nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná lóòjọ́. Àwọn ẹ̀yà inú tí kò tóbi ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá fi kílò kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́n, ọkàn àti kíndìnrín ń ná nǹkan bí kálórì (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) 440 lóòjọ́, ọpọlọ ń ná 240, ẹ̀dọ̀ ń ná 200. Kílò iṣan kan, nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, kò ná ju nǹkan bí kálórì 13 lọ, ti ọ̀rá kò sì ju 4 àti ààbọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe làálàá títí tí ẹ fi kó kílò iṣan méjì sára, ohun tí yóò máa bá yín jó lórí ibùsùn kò ju kálórì 26 lóòjọ́, èyí tí kò tó ìdajì ẹyin sísè kan. Kò sí ikùn tí ìyẹn nìkan lè mú wọlé.

Ẹ̀sùn tí à ń kà sí ọjọ́ orí lọ́rùn pàápàá ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1919, ní Amẹ́ríkà, J. Arthur Harris àti Francis Benedict gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò nílé ìwòsàn títí di òní. Nínú ìṣirò wọn, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọkùnrin bá lò sí i ń yọ nǹkan bíi kálórì 7 kúrò nínú ohun tí ara rẹ̀ ń jó lóòjọ́ nígbà ìsinmi, ti obìnrin kò sì tó 5. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tipa bẹ́ẹ̀ gbà pé láti ìgbà èwe ni iná ara ti ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí lórí ènìyàn tó lé ní 6,400 jọ láti orílẹ̀-èdè 29, láti orí ìkókó ọlọ́jọ́ 8 títí dé orí ẹni ọdún 95. Ohun tí wọ́n rí ni pé, nígbà tí a bá ti ro bí ara oníkálùkù ṣe tóbi tó mọ́ ọn, agbára tí ara ń ná kì í yí padà láti ẹni 20 ọdún títí dé 60. Lẹ́yìn 60 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín, nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ti pé 68, gbogbo àdínkù náà kò ju ìdá 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ẹni ọdún 45 kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọjọ́ orí.

Ohun tó yí padà jù lọ fún yín ni ìrìn àti ìdúró. Tíṣà a máa dúró níwájú pátákó láti àárọ̀, a máa rìn láàárín àwọn àga, a máa tọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá, a sì máa wá ọkọ̀ lọ sílé ní ọ̀sán. Nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì, gbogbo èyí á dópin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n lílò agbára ti dín jù ú lọ. Láàárín àkókò náà ni iṣan itan ń joro tí ọ̀rá sì ń wọ àárín rẹ̀, débi pé ìwọ̀n yín lórí òṣùwọ̀n lè má fi bẹ́ẹ̀ yí padà nígbà tí ohun tó wà nínú ara ti di òmíràn.

Kí wá nìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé irin náà? Nítorí agbára ni. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh àti Memphis ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 70 sí 79, funfun àti dúdú, wọ́n rí i pé agbára ẹsẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta bí iṣan fúnra rẹ̀ ṣe ń dín kù, àti pé àwọn tí iṣan wọn kò dín rárá pàápàá ń pàdánù agbára. Títóbi iṣan kọ́ ni agbára. Àwọn fọ́nrán iṣan tó ń yára ṣiṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ joro, àwọn okùn tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún iṣan náà sì ń dín kù. Fọ́nrán wọ̀nyí gan-an ni ẹsẹ̀ nílò nígbà tí ènìyàn bá kọsẹ̀ létí gọ́tà tí ó sì ní láti gbá ara rẹ̀ mú kí ó tó ṣubú. Ní ọdún 2015, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí mìíràn jáde lórí nǹkan bí ènìyàn 140,000 ní orílẹ̀-èdè 17, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn bí ọwọ́ oníkálùkù ṣe lè fún nǹkan mọ́wọ́ tó. Bí agbára ọwọ́ bá fi kílò 5 dín sí ti ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà kú láàárín àkókò ìwádìí náà ju ẹlòmíràn lọ ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Ohun tí ọwọ́ ń sọ nípa gbogbo ara ni ó ṣe pàtàkì.

Nítorí náà, bàbá, ẹ tẹ̀ lé ọmọ náà, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá ó ń ru. Ẹ má sì ṣe pa èémí mọ́ra bí ẹ bá ń gbé nǹkan sókè, nítorí ìyẹn a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru lójijì.

Ìbéèrè

London ni mo ń gbé. Màmá mi, ẹni ọdún 79, wà ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ọmọ-ọ̀dọ̀ tí a gbà fún wọn. Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn ibà ní ọdún tó kọjá ni a ti ní kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Ní báyìí, bí ọmọ náà kò bá fà wọ́n, wọn kò lè dìde lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ogbó ni, pé ẹni tó bá ní kí arúgbó máa ṣe eré ìdárayá fẹ́ pa á ni. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Ìdáhùn

Kò tíì pẹ́ o, arábìnrin wa. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ ka ìdáhùn yìí sí ẹ̀gbọ́n yín létí.

Ní ọdún 1990, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Boston, Maria Fiatarone àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àgbàlagbà mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án nínú wọn parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, èyí tó ju ìlọ́po méjì lọ. Méjì nínú wọn ju ọ̀pá tí wọ́n fi ń tilẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1994, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ afúnnilókun tí wọ́n fún àwọn kan láìsí iṣẹ́ ara kò mú agbára wọn pọ̀ sí i. Ó yẹ kí àwa tí a máa ń ra agolo wàrà àti oògùn afúnnilókun fún àwọn òbí wa ronú lórí ìyẹn dáadáa.

Ohun tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá ni ìdùbúlẹ̀ tí ó pẹ́. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọ́n le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá péré: nǹkan bí kílò kan iṣan ló lọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ṣeé ṣe kí ibà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lára màmá, kí ìsinmi tí ẹ wá fi kún un sì parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ló mú un wá. Nínú ilé tiwa, ọmọ tó bá jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbálẹ̀ ni à ń bá wí. Bí màmá bá ti na ọwọ́ sí ife omi, ẹni mẹ́ta á ti dìde láti gbé e fún wọn. Báyìí ni a ṣe ń fi ìtọ́jú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó ń kírun mìíràn náà a máa bọ́ sórí àga nígbà tí orúnkún wọn kò tíì dá wọn dúró, bẹ́ẹ̀ ìforíkanlẹ̀ àti ìdìde yẹn lè jẹ́ gbogbo eré ìdárayá tó kù fún wọn lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àga bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ náà gbé àga tó dúró dáadáa ti ògiri. Kí màmá jókòó sí etí rẹ̀, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ yóò fi wọ abẹ́ orúnkún, kí wọ́n fọwọ́ lé itan, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn yóò fi dé ọ̀kánkán ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n wá fi itan gbé ara wọn dìde. Kí ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má fà wọ́n lọ́wọ́. Ìjókòó padà náà iṣẹ́ ni: kí wọ́n má jẹ́ kí ìdí já lu àga, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí wọn yóò fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi tìmùtìmù méjì gbé àga náà ga, kí ẹ sì yọ ọ̀kan nígbà tí ó bá rọrùn fún wọn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020 pé ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí àgbà ṣe ohun tó ń mú iṣan le. Fún apá, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì nínú báàgì jẹ́ nǹkan bíi kílò kan, kò sì náni lówó. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa le sí i bí ó ṣe ń rọrùn, nítorí ohun tí kò bá le díẹ̀ kì í kọ́ iṣan ní nǹkan kan.

Láti mọ ibi tí ẹ dé, ẹ ní kí ọmọ náà fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí màmá fi dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún láìfọwọ́ti nǹkan. Èyí tó bá ju 15 lọ ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù kà sí àmì pé agbára ti kéré jù. Ṣùgbọ́n bí agbára náà bá lọ lójijì, tàbí tí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tàbí tí wọ́n ń rù láìnídìí, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ná, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀, àtọ̀gbẹ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa wọlé bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà tó ń jẹ́ orúkọ Tony Anenih wà nínú ọgbà UCH láti 2012.

Ìbéèrè

Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá ìyàwó mi, ẹni ọdún 72, kì í jẹ ẹran tàbí ẹja mọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ló ni ín, pé ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ tó fún àgbà. Ǹjẹ́ ó burú?

Ìdáhùn

Ó burú fún iṣan wọn. Ara àgbà kì í tètè sọ oúnjẹ di iṣan bíi ti ọ̀dọ́, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ní kí àgbà jẹ gíráàmù 1 sí 1.2 purotéènì, èròjà inú oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ẹni tó bá wọn kílò 60 nílò 60 sí 72. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Ti inú ẹ̀kọ kò tó nǹkan. Bí wọn kò bá fẹ́ gba ẹran mọ́ ọmọ lọ́wọ́, tàbí tí eyín kò gbà á, ẹ fún wọn ní mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, gbẹ̀gìrì tó ki, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, àti wàrà, èyí tí Ìlọrin kò ṣaláìní. Kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí alẹ́. Kí ó wà nínú oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Bí kíndìnrín wọn bá ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀, dókítà wọn ni kí ó sọ ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ, kí ẹ tó fi ẹyin kan kún un.