Ìbéèrè Yín: Abẹ́rẹ́ Inú Ọ̀rá Dúdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn. Ní oṣù tó kọjá, bí mo ṣe gbé ọ̀rá dúdú kan lé èjìká láti lọ dà á sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ti ń sun pàǹtí, abẹ́rẹ́ kan gba inú ọ̀rá náà yọ, ó sì gún mi lẹ́yìn. Ọ̀gá wa ní kí n fi sípíríìtì nù ún, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ṣé àìfarabalẹ̀ mi ló fà á?
— Ìyá onígbàálẹ̀, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Kí a tó wá ẹni tí ó jẹ̀bi, ara yín ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún HIV àti fún àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ náà gún yín gan-an, nítorí wọn yóò ní kí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Oògùn tí a fi ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni a sì ń lò ó. Àkókò yẹn ti ré yín kọjá, ó sì dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò là yín lóye. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bò yín mọ́lẹ̀: bí abẹ́rẹ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ oní-HIV bá gún 1,000 ènìyàn, nǹkan bí 3 ni yóò kó o. Mẹ́dọ̀wú B ló burú jù ú lọ, nítorí nínú 100 ènìyàn tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ó lè mú tó 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 6 ni a sábà máa ń gba àjẹsára náà, ó sì yẹ kí wọ́n ti fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá tún gún ẹnìkan lọ́la, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí ó fi fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe fún un kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ti ẹ̀bi, tiyín kọ́. Ọwọ́ tí ó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ó sọ abẹ́rẹ́ náà, láì dé ìdérí rẹ̀ padà, sínú àpótí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ, irú èyí tí àwọn tí ń fún ọmọdé ní àjẹsára máa ń gbé dání. Bí àpótí náà bá sì ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n dé e pa. Ibi ibùsùn aláìsàn ni a ti ń ya pàǹtí sọ́tọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 85 nínú 100 ohun tí ilé ìwòsàn ń dà nù kò yàtọ̀ sí pàǹtí inú ilé wa, pé 15 tó kù ni ó léwu. Ṣùgbọ́n bí epo bá kán sí àlà, gbogbo aṣọ náà ni a óò fọ̀: ẹni tí ó ju síríńjì mọ́ ewé ẹ̀kọ ti sọ gbogbo ọ̀rá náà di eléwu, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti tún un ṣà. Ọ̀rá yẹ́lò ni wọ́n sábà máa ń yàn fún ohun tó ní ẹ̀jẹ̀, dúdú fún ti ilé. Nínú ọmọlanke tó ní ìdérí ni ó sì yẹ kí ẹ máa kó wọn, kì í ṣe lórí èjìká, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà òjò.

Iná ẹ̀yìnkùlé yẹn pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ààrò ìsunpàǹtí gidi gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 850°C. Iná inú kòtò kì í dé ibẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ yóò wà nínú eérú, èéfín rọ́bà dírípù yóò sì gbé májèlé dioxin wọlé àwọn aládùúgbò. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi pa kòkòrò ní 121°C sàn jù ú lọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ilé ìwòsàn tí kò lágbára rẹ̀ yẹ kí ó gbé pàǹtí rẹ̀ fún àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi bímọ, nọ́ọ̀sì sì kọ̀ láti fún wa ní ibi ọmọ. Ìyá mi bínú títí di òní. Ṣé pàǹtí ni ibi ọmọ ni?
— Bàbá Ìkókó, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Nínú òfin pàǹtí, wọ́n kà á mọ́ ẹ̀yà ara, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbè sẹ́yìn nọ́ọ̀sì tí ó gbé e lọ láì bi ẹbí léèrè. Àyàfi tí àrùn tó ń ràn bá wà, ó lè dì í sínú ọ̀rá méjì tí kò jò, kí ẹ gbé e lọ tààrà sílé, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ níbi tí ajá kò ti lè hú u, tí ó jìnnà sí kànga. Èyí tí ilé ìwòsàn bá gbà sílẹ̀, kòtò tó ní ìdérí ni ó yẹ kí wọ́n jù ú sí, níbi tí yóò ti jẹrà fúnra rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ da oògùn apakòkòrò lé e, nítorí kòkòrò náà ló ń mú un jẹrà.

Ìbéèrè: Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí, ilé ni mo sì ti ń gún ara mi ní ínsúlìn. Níbo ni kí n da abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí?
— Àgbà òǹkàwé, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Inú ike líle tó ní ìdérí, irú èyí tí ọṣẹ olómi wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ “abẹ́rẹ́” sí i lára gàdàgbà. Bí ó bá fẹ́ kún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú. Ẹ má ṣe lo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé á rò pé ohun mímu ni.