Pé ẹ ra àpótí tẹlifóònù pupa kò yọ ọ́ lábẹ́ òfin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo wà nínú káńsù abúlé wa ní Kent, ní England. BT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ta àpótí tẹlifóònù pupa tó wà létí ọ̀nà fún wa ní pọ́n-ùn kan. Grade II ni, ìyẹn ìpele kan nínú ìwé àwọn ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò. A fẹ́ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé, ká fi ilẹ̀kùn alumíníọ́mù sí i, ká sọ ọ́ di ilé ìkàwé kékeré. Kọngílá wa ní kò sí wàhálà, ó ti di tiwa. Irú ọ̀dà wo ni ká rà?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. "Ó ti di tiwa" yẹn ló ń já mi láyà, nítorí gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù lóòótọ́, àmọ́ òfin ilé àtijọ́ ní England kò mọ òwe náà. Àpótí gan-an lòfin ń dáàbò bò, kò bá olówó rẹ̀ ṣe. Nígbà tí BT tà á fún yín, ààbò náà bá a wá. Ẹni tó bá sì ní àpótí kì í ṣe ilé, ẹ ní kó lọ wo ìwé ilé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àjọ Historic England: ibẹ̀ ló wà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin. Òfin ọdún 1990 ní ẹni tó bá yí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà lọ́nà tó kan ohun tó sọ ọ́ di pàtàkì, láìgbàṣẹ káńsù àgbègbè, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Owó ìtanràn rẹ̀ kò sì lópin. Ẹni tó gbéṣẹ́ fúnni àti ẹni tó ṣe é, àwọn méjèèjì ni wọ́n lè gbé lọ síwájú adájọ́.

Gbígbé e kúrò ló le jù. Bó bá jẹ́ K6 ni, ìyẹn irú èyí tí Giles Gilbert Scott yà lọ́dún 1935 nítorí àjọ̀dún ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́, ilé àtijọ́ tó yí i ká ló sábà máa ń jẹ́ kó wọ ìwé yẹn; bí ẹ bá gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ ti já a kúrò lára wọn. Irin tó wúwo ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ sì ni, kì í ṣe àga.

Igi tíìkì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí omi ń dá sí ló máa ń jẹrà. Káfíńtà gidi á gé ibẹ̀ nìkan, á fi tíìkì mìíràn lẹ̀ ẹ́. Alumíníọ́mù kẹ̀? Rárá o.

Ọ̀dà: pupa tó ń jẹ́ currant red, nọ́ńbà 539 nínú BS 381C, ìwé ìlànà àwọ̀ ọ̀dà ti Britain. Ẹ má fi sáńdípépà ha ti àtijọ́ ní gbígbẹ. Òjé lè wà nínú rẹ̀, eruku òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Pẹpẹ ìwé kì í sábà fa ìjà bí ẹ kò bá ti lu ihò sára irin.

Mi ò fojú kan àpótí náà o, nítorí náà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ilé àtijọ́ ní káńsù àgbègbè yín ló gborí. Ẹ kọ̀wé sí i kí kọngílá tó gbé ayùn. Wọn kì í gbowó lórí ìwé àṣẹ náà.