Ìtàn rédíò ìlú yín: ọ̀dọ̀ akápò ni kó o ti bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ kọ ìtàn iléeṣẹ́ rédíò kékeré tó wà ládùúgbò yín l'Óǹdó, pé o lọ bá àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sì nà sí ọ: ọjọ́ ìṣílé, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà, fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù. O wá ń béèrè ibi tí ìyókù wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tépù rédíò. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ni mo sì ti ń kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ káàkiri agbègbè Àkúrẹ́. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Má retí pé wàá bá ohùn àtijọ́ nínú iléeṣẹ́ náà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, owó tépù tuntun kì í sí. Bí ètò bá ti lọ sórí afẹ́fẹ́ tán, tépù á padà sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, wọn á sì gba ohùn mìíràn lé e. Bàbá àgbàlagbà kan wá ké ewì fún wa, ewì tí n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi ìpolówó ọṣẹ pa á rẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní tépù ò tó. Ó ń dùn mí dòní.

Ìwé ìkéde ni kó o wá. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìkéde olówó sí ni mò ń sọ: ẹni tó mú un wá, iye tó san, iye ìgbà tí wọ́n máa kà á. Nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ló wà nínú rẹ̀, akápò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ láyé ju tépù lọ. Ìkéde òkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Fara balẹ̀ ka ẹyọ kan: olóògbé jẹ́ bàbá ìjọ, ó dáko kòkó, àìsùn yóò wáyé nílé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan wà ní Kàdúná, òmíràn ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀. Ìwé ìtàn wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ nípa ẹni tí kò joyè, tí kò sì lówó? Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ tó sọnù lọ́jà, ìwé ẹ̀rí tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti Àkúrẹ́, tó sì ti wà ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, má ṣe jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bó o bá rí Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò níbẹ̀ bí ará ilé. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì wà títí di ọjọ́ yẹn. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyẹn lẹ́yìn rẹ̀, kó o kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wá kásẹ́ẹ̀tì inú ilé àwọn èèyàn. Ìyá kan ní Ìdànrè fa páálí bàtà kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi. Wọ́n gba ìkéde ikú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ látinú rédíò, wọn ò sì tètè pa ẹ̀rọ náà. Bí ìkéde ṣe parí ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń bẹ àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n má bínú, iná ló lọ lánàá, ó wá ka iye tí wọ́n ń ra kòkó, ó rẹ́rìn-ín, ó fi orin sí i. Ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ nínú iléeṣẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kó o tó ṣe ohunkóhun, wo ẹ̀yìn rẹ̀: ike kékeré méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ṣẹ́ wọn kúrò, ẹ̀rọ kò ní lè gba nǹkan mìíràn lé e mọ́, àfi bí ẹnìkan bá dí ojú ihò náà. Bí o bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára tépù, ebu ni, má fi sínú ẹ̀rọ rárá. Bí tépù bá dẹ̀, fi bíró yí i jẹ́jẹ́.

Àwọn àgbàlagbà á sọ ohun tí wọ́n rántí fún ọ, ọdún ni kó o fi dán an wò. Ẹnìkan sọ fún mi pé òun ń gbọ́ rédíò Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà ogun Bìáfírà. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ogun ti parí ní 1970. Kò purọ́ o. Ohùn Ìbàdàn tó ń gbọ́ ní Àkúrẹ́ ló kà sí ti Àkúrẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ní òun ń yí asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò onówáyà ayé àtijọ́, láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, rédíò alágbèéká ló ń sọ, nítorí wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú àpótí yẹn, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan lo lè yí níbẹ̀. Ti iléeṣẹ́ aládàáni rọrùn: òfin 1992 ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, torí náà rédíò Adaba ti Ìlárá-Mọ̀kín àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣáájú ìyẹn.

Bó o bá kan oṣù Kẹjọ 1983, tí wọ́n kéde Akin Ọmọ́bọríowó pé ó borí Adékúnlé Ajáṣin nínú ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ gbiná, òṣèlú ni gbogbo wọn á fẹ́ sọ. Rọra dá wọn padà. Rédíò ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Èdè wo? Ta ló wà nínú yàrá?

Má sì jẹ́ kó jẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìkan lo máa bá sọ̀rọ̀. Awakọ̀ tó ń gbé wọn lọ sóde mọ ibi tí ọkọ̀ ti rì. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ mọ ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì tán. Àwọn ẹnjiníà ní ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí tí wọ́n tan ẹ̀rọ àti èyí tí wọ́n pa á sí.

Lọ bá akápò lọ́jọ́ Ajé, mú lẹ́tà dání. Fọ́tò ojú ewé ni kó o yà, má gbé ìwé wọn jáde. Orúkọ òkú tó o bá sì fẹ́ tẹ̀ jáde, kọ́kọ́ bi ẹbí rẹ̀.