Ọmọ mi ò ní ọ̀rọ̀ míì ju lémọ̀ lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lémọ̀ (lemur), ẹranko kan tó fara jọ ọ̀bọ, ti gba ọmọ mi obìnrin lọ́kàn, ọmọ ọdún méje ni. Láàárọ̀ lémọ̀, lálẹ́ lémọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń sọ gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ máa bá a sọ ọ́ ní Yorùbá, àmọ́ mi ò mọ ohun tí à ń pe ẹranko yẹn. Ó tún ń bi mí bóyá ó wà ní Nàìjíríà. Kí ni kí n wí? (Ìyá kan ní Maryland)

Èsì: Àbúrò mi, a ò ní orúkọ fún un. Madagásíkà ni ilé ẹ̀, erékùṣù ńlá tó kọjú sí Mòsáńbíìkì lójú òkun. Lémọ̀ ni kó o máa pè é, kó o máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ.

Mo mọ ẹranko yìí ju bó ṣe yẹ kí bàbá ọlọ́mọ mọ̀ ọ́n lọ, torí òun náà ló mú àkọ́bí mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Láàárọ̀, á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú fèrèsé, á ya apá méjèèjì, á ṣí ikùn sílẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn lémọ̀ onírù abilà ṣe máa ń yá oòrùn. Oòrùn Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé o rí nǹkan. Èyí tí ìyàwó mi fẹ́ràn ni pé abo ló láṣẹ láàárín wọn. Bí akọ bá di àjàgbọn mú, tí abo dé, á gbá a lójú, á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, akọ á sì yẹra. Àwọn akọ fúnra wọn, òórùn ni wọ́n fi ń jà: wọ́n á fi ọrùn ọwọ́ ra ìrù, wọ́n á máa jù ú síra wọn títí ẹnìkan á fi sá.

Bó o bá ń wá ibi tí Yorùbá á gbà wọlé, gba ilé ìdáná. Lémọ̀ kan wà ní igbó Ranomafana ní Madagásíkà tó ń jẹ ọparun. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ. Ọparun yẹn ní sáyánáìdì, májèlé kan náà tí à ń torí ẹ̀ fún omi ẹ̀gẹ́ kó tó di gàárì. Òun ò fún nǹkan kan o, ó kàn ń jẹ ẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé ìyẹn, ọmọ mi lọ gbóòórùn àpò gàárì.

Èyí tí mi ò tíì rí gbé mì nìyí. Lọ́jọ́ Sunday kan, ìyá mi pè lórí WhatsApp láti Oǹdó. Ọmọ fi àwòrán aye-aye hàn án, lémọ̀ òru, ojú ẹ̀ ràgàjì, ìka ẹ̀ kan gùn, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ìka yẹn ló fi ń kan igi kókókó, á dẹtí gbọ́ ibi tí kòkòrò wà, á fà á jáde. Èmi ni mò ń túmọ̀. Ọmọ ní àwọn ará ibẹ̀ kan gbà pé bó bá fi ìka náà tọ́ka sí èèyàn, ikú ni.

Màmá wo àwòrán yẹn pẹ́. Ó ní, “Ojú yìí jọ ti egbére.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun àti àbúrò òun ṣe sùn sí ahéré lóko bàbá wọn, tí wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ jòjòló lórí igi, tí bàbá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú. Ó wá ń fi ẹnu ké ẹkún náà, tín-ínrín, ó ń já a, ó ń so ó. Ọmọ bi mí pé kí ni màmá ń sọ. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gba fóònù. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbàgbọ́ asán dẹ́rù bà á, ó máa lọ sílé ìwé lọ́la.” Ó dákẹ́. Ó ní, “Ó dáa. Má bínú.” Ìyá mi ló ń bẹ̀ mí o. Kò sọ ọ́ mọ́ títí tó fi lọ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ẹranko kan wà nígbó wa lóòótọ́ tó ń ké bí ọmọ lóru, kékeré, olójú ńlá, tí wọ́n ń pè ní bush baby. Ìbátan lémọ̀ ni. Orúkọ lémọ̀ gan-an, Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden tó ń fún ẹranko lórúkọ, ló mú un láti inú Látìn, lemures, iwin òkú tó ń rìn lóru. Òun fi iwin pe ẹranko, ó di sáyẹ́ǹsì.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, jọ̀ọ́. Bí ọmọ bá ta jí lóru, ìyá ẹ̀ nìkan ló wà pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn tó wà nílé tó ń bú wa ò mọ èyí.

Ọmọ náà ń ka ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì báyìí. Á sọ fún ọ pé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti igbó, ní lọ́dún 2020 pé nínú irú lémọ̀ 107, ewu àkúrun wà lórí 103, torí igbó tí wọ́n ń sun fún oko àti èédú, àti torí ọdẹ. Mo bi í láìpẹ́ yìí bóyá ó rántí ohun tí màmá ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ọjọ́ wo.

Nítorí náà, sọ fún tìẹ pé lémọ̀ ò sí ní Nàìjíríà, ìbátan ẹ̀ ló wà. Bí ìyá ẹ bá ṣì wà, pè é, fi àwòrán hàn án, kó o wá jókòó jẹ́ẹ́. Bóyá ọmọ á sùn lóru ọjọ́ náà, ìyẹn lọ́wọ́ yín. Èmi ti gbìyànjú ẹkún yẹn fún àbíkẹ́yìn mi. Ó ní ó dà bí ológbò aládùúgbò wa.